Àpá Inú Àpò Ìtọ̀: Ìtàn Àtọ̀sí Ajá láti Káírò dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Yorùbá fún àìsàn kan lórúkọ, orúkọ náà kò sì ṣe aláìsàn lóore rárá. Àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbọ́ àtọ̀sí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni àìsàn tí èèyàn ń kó lórí ibùsùn. Nítorí èyí, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò, tó wá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, á pa ẹnu mọ́. Ta ni yóò sọ fún? Tó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni pé ọkùnrin wo ló bá lò.

A mọ̀ pé ìtàn ọba, ogun àti òyìnbó amúnisìn ni a sábà máa ń kọ síbí. Ti aràn la fẹ́ sọ lónìí, àti ti sẹ́ẹ̀lì kan nínú ara wa tó ń jẹ́ macrophage, tó ń bá aràn náà jà, tó sì tún ń mọ ògiri yí ẹyin rẹ̀ ká. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn nínú wa ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà wá. Àwọn tó ń kọ́ ìtàn ló ní kí a tò ó bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ilé ìwòsàn Kasr el-Aini ní Káírò ni Theodor Bilharz, ọ̀dọ́ dókítà ọmọ Jámánì, ti ń ṣiṣẹ́ ní 1851 nígbà tó la òkú kan, tó sì rí aràn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ẹ̀dọ̀. Kì í ṣe inú ìfun tí a mọ aràn mọ́ ló ti rí i. Inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni. Ó tún wò ó dáadáa, ó rí i pé méjì ni wọ́n: akọ ká ara rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ká ẹní, abo sì dùbúlẹ̀ sí àárín. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́wàá, ìgbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí abo ń yé ẹyin lójoojúmọ́. A ò mọ tọkọtaya tó fara mọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò, tó lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, tí kò sì padà sí Èkó títí di 1862. Kò sí ohun tó so ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀ ju ọdún lọ. A kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa dé lásìkò tí òyìnbó ń fún aràn lórúkọ. Aràn ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 1910, Marc Armand Ruffer rí ẹyin rẹ̀ tó ti gan bí ẹfun nínú kíndìnrín òkú àwọn ará Íjíbítì tí wọ́n ti fi oògùn pa mọ́ láti ohun tó lé ní 3,000 ọdún. Wọ́n ti ń tọ ẹ̀jẹ̀ létí odò Náílì kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìwé ìṣègùn kọ.

Bí aràn náà ṣe ń dé inú ara ló wá di àdììtú. Àwọn kan ní omi mímu ni, àwọn kan ní bóyá ó ń gba ojú ara wọlé. Ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Robert Leiper lọ sí Íjíbítì nítorí àwọn ọmọ ogun wọn. Òun ló fi hàn níbẹ̀ pé ìgbín wẹ́wẹ́ inú omi tútù ló ń gba ọmọ aràn náà sílé. Ẹni tó ní àìsàn tọ̀ sínú odò, ẹyin pa nínú omi, ohun tó jáde wọ inú ìgbín, ó bí sí i níbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ọmọ aràn tó ní ìrù á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára ìgbín nígbà tí oòrùn bá ti mú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló nílò láti gba awọ ara èèyàn wọlé. Kò sí ojú egbò, kò sí ìró. Ẹni tó ń fọ aṣọ kò ní mọ̀.

Ibí ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ lè rò pé ọ̀sà ni ewu, nítorí òun ló tóbi jù. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbín yìí kò fẹ́ iyọ̀, omi ọ̀sà tó súnmọ́ Èkó sì ní iyọ̀ nínú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú odò kéékèèké tó ń ṣàn láti òkè ilẹ̀ wá sí ọ̀sà ni wọ́n fẹ́ràn, níbi tí koríko pọ̀ tí omi kì í sáré. Irú odò bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ìyá wa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, tí wọ́n ń fọ aṣọ sí, tí àwọn ọmọ ń fò sí lẹ́yìn ilé ìwé. Odò Ògùn já sínú ọ̀sà níbi tó kọjú sí Ìkòròdú, Odò Ọ̀ṣun sì já sínú ọ̀sà Lẹ́kí lápá Ẹ̀pẹ́. Ẹ wo bí omi dídùn ti pọ̀ tó lágbègbè yìí, ẹ tún rántí iye abúlé tí ẹ̀rọ omi ìjọba kò tíì dé. Nígbà tí ìwádìí kan jáde ní 2013 lórí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Igbókúta, ní Àríwá Ìkòròdú, ẹyin aràn yìí wà nínú ìtọ̀ wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ni Igbókúta wà o, Ìpínlẹ̀ Èkó tí a ń pè ní ìlú ọlọ́rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, ká wá sẹ́ẹ̀lì wa.

Láti nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn ni Celsus, ará Róòmù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun mẹ́rin la fi ń mọ̀ pé ara ń jà: ó ń pọ́n, ó ń wú, ó ń gbóná, ó ń ro. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn dókítà gbà ni pé ohun mẹ́rin yìí ni àìsàn fúnra rẹ̀, pé bí wọ́n bá ti lè pa á, ìwòsàn dé. Elie Metchnikoff, ọmọ Rọ́ṣíà, ló dá ọ̀rọ̀ náà rú. Ní ìparí 1882, ó wà ní Messina ní erékùṣù Sísílì, ó mú ọmọ ẹja ìràwọ̀ tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó fi ẹ̀gún òdòdó gún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn kiri ti kóra jọ yí ẹ̀gún náà ká. Ó ní, ẹ̀yin ará, kì í ṣe àìsàn lẹ ń wò yìí, ìjà ni. Ó sọ àwọn tó tóbi nínú wọn ní macrophage, ìyẹn ọ̀jẹun ńlá ní èdè Gíríìkì. Wọn ò tètè gbà á gbọ́. Ọdún 1908 ni wọ́n fún òun àti Paul Ehrlich ní ẹ̀bùn Nobel.

Ohun tó dùn mọ́ wa nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀gún ni Metchnikoff lò. Ẹ̀gún kò ṣe é jẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò lè gbé e mì, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n yí i ká. Ẹyin aràn àtọ̀sí ajá náà ní ẹ̀gún ṣóńṣó kan ní ìdí, ó sì tóbi ju macrophage lọ fíìfíì. Ìtọ̀ ló yẹ kó gbé ẹyin náà jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í rí ọ̀nà gbà, á há sínú ògiri àpò ìtọ̀. Ibẹ̀ ni yóò wà tí yóò máa da oje tó ń ba ẹran ara jẹ́ sílẹ̀. Macrophage á dé, á pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á tò yí i ká ní ìpele ìpele títí wọ́n á fi di kókó líle kan. Aràn tó bí ẹyin náà wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ara rẹ̀ dá ṣáká, nítorí ó mọ bí a ti ń fi ohun tó jọ ti ara wa bo ara rẹ̀. Ọmọ ló ń jẹ gbèsè, bàbá ń sùn.

Ní àwọn ọdún 1960, Kenneth Warren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ tó fi hàn pé kókó yìí kì í ṣe nítorí oró ẹyin nìkan, pé agbára ìdáàbòbò ara gan-an ló ń kọ́ ọ. Èyí ló yí ojú tí a fi ń wo àìsàn náà padà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde, àpò ìtọ̀ tó ń le, kíndìnrín tó ń wú nítorí ìtọ̀ kò rí ọ̀nà jáde, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ọwọ́ wa fúnra wa. Kókó kan kò ní pa èèyàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kókó, ọdún lórí ọdún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi àpá sílẹ̀, ìyẹn ni ìṣòro.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé kí ló dé tí macrophage kan náà fi ń jó nǹkan níná lónìí, tó tún ń mọ ògiri lọ́la? Ní 1992, ní yàrá ìwádìí Siamon Gordon ní Oxford, wọ́n rí i pé macrophage tó bá gbọ́ àṣẹ kan tí a ń pè ní IL-4 kì í hùwà bí èyí tó gbọ́ àṣẹ ìjà. Ní 2000, Charles Mills àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún méjèèjì lórúkọ: M1 àti M2. Àlàyé tiwọn rọrùn débi pé a lè ṣe é pẹ̀lú oúnjẹ. Oúnjẹ kan wà tó ń jẹ́ arginine tí àwọn méjèèjì ń jẹ. M1 á sọ tirẹ̀ di nitric oxide, ohun ìjà tó ń pa kòkòrò. M2 á sọ tirẹ̀ di ornithine, tí ara fi ń ṣe okùn tó ń di ẹran ara pọ̀. Jagunjagun ni ọ̀kan, bíríkìlà ni èkejì, inú agbada kan náà ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ jẹ.

A fẹ́ràn àfiwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ má gbá a mú jù. Ní 2014, ọ̀pọ̀ onímọ̀ parapọ̀ kọ̀wé pé kí àwọn èèyàn yé pín macrophage sí méjì péré bíi pé ìlà wà láàárín, pé kí oníwádìí máa sọ àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì náà gbọ́ gan-an. Nínú ara alààyè, ọ̀kan náà lè gbé idà lówọ́ ọ̀tún kó gbé ṣọ́bìrì lówọ́ òsì. Ó yà wá lẹ́nu pé ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń fi tábìlì olójú méjì ṣàlàyé rẹ̀, kí a há a sórí fún ìdánwò.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni iṣẹ́ tó dá wa lójú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Ní 2004, De'Broski Herbert, Frank Brombacher àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Cape Town lo eku tí macrophage rẹ̀ kò lè gbọ́ àṣẹ IL-4 mọ́. Lédè mìíràn, wọ́n gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ bíríkìlà. Wọ́n wá fi aràn kó àwọn eku náà. Bí èèyàn bá rò pé ògiri ni àìsàn, á ní ara eku wọ̀nyí á yá. Ńṣe ni wọ́n kú. Nígbà tí ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìjà náà kò rí ẹni dá a dúró, ìfun bàjẹ́, kòkòrò inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ògiri tí à ń bú yẹn ló ń dá ẹ̀mí sí láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 2009, àwọn kan ní Amẹ́ríkà tún gbé tiwọn jáde: wọ́n yọ arginase, irinṣẹ́ tí M2 fi ń sọ arginine di ornithine, kúrò nínú macrophage eku. Gbogbo èèyàn ló ń retí kí àpá dín kù. Àpá pọ̀ sí i. Ó jọ pé macrophage náà ń fi irinṣẹ́ yẹn jẹ oúnjẹ tán níwájú àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, kí wọ́n má baà ráyè bí sí i. Bíríkìlà wa tún ń ṣe olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Eku ni wọ́n fi ṣe é o, aràn ẹ̀dọ̀ àti ìfun tó jẹ́ ìbátan tiwa ni wọ́n sì lò, kì í ṣe ti àpò ìtọ̀. Ó yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó fi hàn bá ohun tí ojú ń rí mu: ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní Igbókúta lè máa gba bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, nítorí ara rẹ̀ ti fi ìjà sílẹ̀, ó ti mú iṣẹ́ mọlémọlé. Owó iṣẹ́ náà ni yóò wá san nígbà tó bá di àgbàlagbà. Láti 1911 ni A. R. Ferguson ti sọ ní Káírò pé òun ń rí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lára àwọn tó ní aràn yìí. Ọdún 1994 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ fi aràn náà sí ìpele kìíní, pẹ̀lú sìgá, nínú ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ẹran ara tí a bà jẹ́, tí a tún ṣe, tí a tún bà jẹ́, tí a tún tún ṣe fún 20 ọdún, ibì kan á ṣì ṣe.

Ìtàn oògùn rẹ̀ náà kò dán. J. B. Christopherson bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́ antimony ní Khartoum ní 1918. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó le, èèyàn á máa bì, ọkàn á máa lù kìkì. Ìjọba Íjíbítì lo irú abẹ́rẹ́ yẹn fún àwọn ará abúlé láti àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1980, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ kan náà gún èèyàn púpọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe tan àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C kálẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ wò sàn. Wọ́n lé aràn kúrò nínú àpò ìtọ̀, wọ́n gbin àrùn sínú ẹ̀dọ̀. Nígbà tí praziquantel dé láti Jámánì ní àwọn ọdún 1970, oògùn oníhóró tí èèyàn ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìtura ńlá gbáà ni.

Lákòókò tí oògùn yẹn ń dé ni a tún ń ṣe ilé fún ìgbín lọ́dọ̀ọ́ wa. Wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán ní 1983, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu. Omi rẹ̀ ló ń gba inú Odò Ògùn wá sí ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ní Àdìyán. Wọ́n kó àwọn abúlé tí omi bò kúrò, wọ́n tún wọn tẹ̀dó sí etí omi náà, àwọn apẹja sì ṣí wá láti ibòmíràn. Láàárín ọdún díẹ̀, àtọ̀sí ajá gba ẹnu àwọn ibùdó yẹn kan. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tiwa láti ìgbà náà ló jẹ́ kí a mọ bó ṣe pọ̀ tó. Àwa tí à ń mu omi ẹ̀rọ l'Ékòó ń jẹ nínú dáàmù yẹn. Àwọn tó wà létí rẹ̀ ló ń tọ ẹ̀jẹ̀. A ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka àǹfààní rẹ̀.

Praziquantel ń pa aràn tó ti dàgbà. Kò lè ṣe nǹkan kan sí ẹyin tó ti há sínú ẹran ara. Iṣẹ́ ìyẹn tún padà sọ́wọ́ macrophage, tí yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì máa wó ògiri tó mọ. Lára ọmọdé, àwọn dókítà ti fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò wò ó pé àpò ìtọ̀ tó ti nípọn lè padà sípò lẹ́yìn ìtọ́jú. Lára àgbàlagbà tí àpá rẹ̀ ti gan, ìyẹn ṣòro. Nítorí náà, ìgbà tí ọmọ bá sọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ, orúkọ tí a sì fún àìsàn náà ló ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ní 2001, àpérò ìlera àgbáyé pinnu pé ó kéré tán, kí ìpín 75 nínú 100 àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà nínú ewu máa gba oògùn déédéé títí di 2010. Láti 2007 ni iléeṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn náà tọrẹ. Síbẹ̀, ní 2021, iye èèyàn tó nílò ìtọ́jú yìí lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù 251, àwọn tó rí i gbà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 75. Nàìjíríà ló sì ní jù nínú ẹrù náà.

Ẹ wo ẹni tí ètò náà fò dá. Ilé ìwé ni wọ́n ti ń pín in, fún ọmọ ọdún 5 sí 14. Ọmọ tí kò lọ sílé ìwé kò sí níbẹ̀. Ìyá tó ń fọ aṣọ, tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ kò sí níbẹ̀. Apẹja kò sí níbẹ̀. Ẹyin aràn yìí máa ń há sínú ojú ara obìnrin àti ẹnu ilé ọmọ náà, kókó kan náà á yọ, ẹ̀jẹ̀ á máa wá, ìrora á wà nígbà ìbálòpọ̀, ìwádìí sì ti so ó mọ́ ewu kíkó HIV. Obìnrin tó bá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn, oògùn àrùn ìbálòpọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un. Á lò ó tán, kò ní yá, ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lójú mìíràn. Ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó yí ìlànà padà pé kí oògùn máa dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni láti ọmọ ọdún 2 sókè, àti àgbàlagbà, níbi tí àìsàn náà bá ti pọ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò tilẹ̀ gbówó. Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni ẹyin máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Ẹ gba ìtọ̀ lásìkò yẹn, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́. Bí ẹyin bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i pẹ̀lú ẹ̀gún rẹ̀ ní ìdí, kò jọ ohun mìíràn.